Bí Mo Ṣe Tú Àdììtú Ọ̀rọ̀ Tó Dá Lórí Ewéko

Ní ọ̀sán Sátidé kan tí òjò kò jẹ́ kí a rí ìta, mo jókòó sínú ilé mi ní Lọ́ńdọ̀nù, mo mú pẹ́ńsù, mo sì tẹ́ àdììtú ọ̀rọ̀ kan síwájú, èyí tí aládùúgbò mi, ìyá àgbà òyìnbó kan tó fẹ́ràn ọgbà rẹ̀ gidigidi, gé fún mi láti inú ìwé ìròyìn. Irú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cryptic crossword ni, àpótí 15 ní ìbú àti 15 ní òòró, wọ́n sì kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ewéko ló so àwọn ìdáhùn rẹ̀ pọ̀. Wákàtí mẹ́ta ni mo lò nídìí rẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe tú u, nítorí ó dá mi lójú pé ẹni tó bá ti jókòó gbọ́ àlọ́ àpamọ̀ lábẹ́ òṣùpá rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Gbólóhùn kúkúrú ni wọ́n fi ń tọ́ni sọ́nà ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, apá méjì ni gbólóhùn náà sì máa ń ní. Apá kan, tó máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ tàbí níparí, ń sọ ìtumọ̀ ìdáhùn bí ìwé atúmọ̀ èdè yóò ṣe sọ ọ́. Apá kejì ń fi lẹ́tà tàbí ìró mọ ìdáhùn kan náà bí ẹni ń mọ ilé. Apàlọ́ yóò wá pa àwọn méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè dà bí ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá, ọ̀rọ̀ mìíràn yẹn gan-an ni kò sì yẹ kí a gbà gbọ́.

Ibi tó rọrùn ni mo ti bẹ̀rẹ̀: "Bit of evil I lack – a shrub", lẹ́tà márùn-ún. Létí, ó dà bí ẹni tó ń sọ pé ìwà ibi kan kò sí lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n "bit of" ń sọ pé kí a gé díẹ̀ lára ohun tó tẹ̀ lé e. Mo fi ìka bo lẹ́tà mẹ́ta níwájú "evil", mo fi òmíràn bo k tó wà lẹ́yìn pátápátá, lilac sì yọjú láàárín wọn. Èyí tó tẹ̀ lé e, "Herb: what a clock tells, we hear", kò gbà mí ní àkókò rárá, nítorí "we hear" fi hàn pé ìró ni kí a tẹ̀ lé, lẹ́nu àwa Yorùbá kò sì sí ìyàtọ̀: táìmù ni ohun tí agogo ń sọ, táìmù náà ni ewé gbígbẹ tí a ń wọ́n sínú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù.

"Flower for rich do, rearranged" ni mo gbádùn jù ní apá òkè. Òdòdó fún òde àwọn olówó ni ó dà bíi pé ó ń sọ. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ló ní kí a tún lẹ́tà "rich do" tò, nítorí náà mo kọ lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yí ká bí òrùka, kí ojú mi má bàa rí ọ̀rọ̀ àtijọ́ mọ́, títí tí orchid fi jáde. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹranko alárékérekè àti ohun tí a fi ń bo ọwọ́ nígbà òtútù, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ "good for the heart": fox àti glove ni, foxglove. Májèlé ni ewéko yìí, síbẹ̀ William Withering, dókítà kan ní Birmingham, kọ ìwé ní ọdún 1785 lórí bí òun ṣe fi ewé rẹ̀ tọ́jú àwọn tí ara wọn wú, inú irú ewéko bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn ọkàn tí wọ́n ń pè ní digoxin ti wá. Inú mi dùn pé apàlọ́ náà mọ iṣẹ́ tí ewé ń ṣe, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan.

Ibi tí mo ti kọsẹ̀ ni "Reign troubled African flower", lẹ́tà márùn-ún. Àwọn ìdáhùn máa ń gba inú ara wọn kọjá, wọn a sì jọ ní lẹ́tà kan níbi tí wọ́n ti pàdé: foxglove ti fún mi ní G láàárín, orchid sì ti fún mi ní R níparí. Bí mo ṣe rí "African", ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀fíọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tiger nut, mo sì kọ tiger sínú àpótí láì wádìí ìyókù gbólóhùn náà. T yẹn ló dí mi lọ́nà fún nǹkan bíi wákàtí kan, nítorí òun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, "Annoy one that stings", kò sì sí ewéko kankan tó bá a mu.

Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀. "Troubled" túmọ̀ sí pé kí a da lẹ́tà "reign" rú, kò sì sí T nínú "reign". Mo tún un tò: Niger. Odò Ọya! Èmi tí mo ti gba orí afárá Jẹ́bà kọjá láìmọye ìgbà. Nínú eré yìí, "flower" lè jẹ́ ohun tó ń ṣàn, nítorí "flow", ìyẹn kí omi máa ṣàn, wà nínú rẹ̀. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń gbọ́ orúkọ ewé náà nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá ní peregún ní í pe irúnmọlẹ̀ láti òde ọ̀run wá sí òde ayé, "pè" tó wà nínú orúkọ rẹ̀ ni wọ́n gbọ́, òun ni wọ́n sì rán níṣẹ́. Mo pa T rẹ́, mo kọ N, nettle sì já lulẹ̀ kíákíá: ewé tó ń jóni bí èsìsì, tó tún túmọ̀ sí kí a mú ẹlòmíràn bínú.

Lọ́jọ́ kejì mo mú ìwé náà lọ kí aládùúgbò mi, mo sì sọ fún un pé gbogbo rẹ̀ wọlé, àmọ́ pé odò kan wà láàárín àwọn ewéko, èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kò dá mi lóhùn. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí ó ti so ọ̀pá oníhò kan rọ̀ fún àwọn ẹyẹ, ó sì ṣí àpò oúnjẹ wọn hàn mí. Kóró dúdú tín-ín-rín ló kún inú rẹ̀. Niger ni wọ́n kọ sára àpò náà, orúkọ ewéko olódòdó yẹ́lò kan tí wọ́n ń gbìn ní Ethiopia fún òróró rẹ̀. Àwọn ẹyẹ kéékèèké olójú pupa, tí àmì wúrà wà ní ìyẹ́ wọn, ti ń dúró dè é lórí ọgbà. Mo tún mú ìwé náà jáde lápò, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ "African flower".