Kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè ìtàn, ẹ kọ́kọ́ tú ìbéèrè náà wò

Ọmọbìnrin kan wà lára àwọn tí mò ń kọ́ ní Sátidé nínú pálọ̀ mi ní Abẹ́òkúta, ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé. Ó lọ sí ìdíje ìmọ̀ láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì bi í pé, “Ta ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi ọkọ̀ ojú omi yí ayé ká?” Ó ní, “Juan Sebastián Elcano.” Wọ́n ní kò gbà á, pé Ferdinand Magellan ló wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn. Máàkì méjì péré ló fi pàdánù ipò kìíní. Ẹkún ló sun wọlé tọ̀ mí wá. Ó dùn mí dọ́kàn, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ ní ìdáhùn yẹn, ìdáhùn náà sì tọ̀nà.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ni ní ìtàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo ti rí ni pé ọ̀pọ̀ wa ń há ìdáhùn sórí bí ẹni ń há orin sórí, bẹ́ẹ̀ inú ìbéèrè gan-an ni àṣìṣe sábà máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tó ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò tàbí ìdíje, bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí.

Ẹ mú bírò. Ẹ kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bi í, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó gbé e dúró. Nínú ti Magellan yìí, “ẹni àkọ́kọ́” àti “yí ayé ká” ni. Kí ni èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe kí a tó lè sọ pé ó yí ayé ká? Ó gbọ́dọ̀ gbéra níbì kan, kó gba iwájú lọ títí, kó sì tún dé ibi tó ti gbéra. Magellan, ọmọ Pọ́túgà tó ń ṣiṣẹ́ fún ọba Sípéènì, kó ọkọ̀ márùn-ún kúrò ní Sípéènì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1519. Ó gba ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù kọjá, níbi omi tóóró tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní, ó la òkun Pàsífíìkì já, ó sì dé àwọn erékùṣù tí à ń pè ní Fílípìnì nísinsìnyí. Ibẹ̀ ló ti lọ dá sí ìjà àwọn onílé. Àwọn jagunjagun Lapulapu, olóyè kan ní erékùṣù Mactan, pa á ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1521. Elcano ló wa ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí ìrìn àjò náà, Victoria, wọ Sípéènì ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1522. Nínú èèyàn tó lé ní 200 tó gbéra, àwọn 18 péré ló bá ọkọ̀ náà wọlé.

Láti ọjọ́ ìdíje yẹn, n kì í jẹ́ kí ọmọ kankan dárúkọ lásán mọ́. Odidi gbólóhùn ni wọ́n fi ń dáhùn: “Magellan ló kó wọn jáde, ṣùgbọ́n ó kú sójú ọ̀nà, Elcano ló parí rẹ̀ ní 1522.” Adájọ́ tó bá gbọ́ ìyẹn, ì báà jẹ́ orúkọ wo ló wà nínú ìwé rẹ̀, yóò mọ̀ pé ọmọ náà mọ ohun tó ń sọ.

Ohun kan wà nínú ìrìn àjò yìí tí mo fẹ́ràn gan-an. Ọmọ Ítálì kan tó ń jẹ́ Antonio Pigafetta wà nínú ọkọ̀ náà, ó ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kò fo ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n yà sí erékùṣù Cape Verde láti wá oúnjẹ, Ọjọ́rú ni lọ́wọ́ tiwọn, àwọn ará ilẹ̀ sì ní Ọjọ́bọ̀ ni. Ọjọ́ kan ti sọnù! Bí mo ṣe máa ń fi han àwọn ọmọ ni pé mo máa ń tan àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn kan lórí tábìlì: àbẹ́là ni oòrùn, ọsàn ni ayé, ìka sì ni ọkọ̀. Ọmọ kan á máa yí ọsàn náà, èkejì á máa fi orí ìka rìn lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lódì sí ibi tí ọsàn ń yí sí. Bí ọsàn bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí ìka sì yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án péré ni ìka náà pàdé iná. Ọmọ tó bá ti fi ìka ara rẹ̀ ṣe é kì í gbàgbé Elcano láéláé.

Ọ̀rọ̀ “àkọ́kọ́” yìí ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti rí i, ẹ béèrè pé: àkọ́kọ́ nínú kí ni? Bí wọ́n bá ní ta ni bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà, gbogbo ilé á hó yèè pé Samuel Ajayi Crowther ni. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí wọ́n sì ti ìlú Canterbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, orí wa ń wú nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Augustine ti jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Hippo, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlùjíríà lónìí, ó sì ti kú láti ọdún 430. Henrique, ọmọ ọba Kóńgò, di bíṣọ́ọ̀bù ní 1518. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹni tó bi ìbéèrè náà fi kún un: bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà. Bí wọn ò bá fi kún un, kí ọmọ fi kún un fúnra rẹ̀ nínú ìdáhùn.

“Ṣàwárí” náà ńkọ́? “Ta ló ṣàwárí odò Ọya?” Mungo Park, ọmọ Skọ́tílándì, dé etí odò náà ní Ségou, ní orílẹ̀-èdè Málì òde òní, ní oṣù keje ọdún 1796. Ìlú ńlá ló bá níbẹ̀, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó èrò sọdá. Ṣé àwọn tó ń tukọ̀ lórí omi ni wọn ò tíì rí i? Òyìnbó tó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ìhà ìlà oòrùn ni omi náà ń ṣàn sí, tó sì lọ ròyìn rẹ̀ nílé, ni kí ọmọ pè é. Bákan náà ni Columbus tí wọ́n ní ó ṣàwárí Amẹ́ríkà: àwọn Taíno, àwọn onílé, ló bá ní erékùṣù Guanahani ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 1492.

Ọ̀rọ̀ ọdún kò le. Láti mọ ọ̀rúndún tí ọdún kan bọ́ sí, ẹ gé nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn kúrò, kí ẹ fi ẹyọ kan kún ìyókù: Haiti gba òmìnira ní 1804, ọ̀rúndún kọkàndínlógún nìyẹn. Bí ó bá parí sí 00 nìkan ni ẹ kì í fi nǹkan kún un. Fún ọjọ́ orí ẹni tí wọ́n bí ṣáájú Kristi, ẹ rántí pé kò sí ọdún òdo. Wọ́n bí Augustus, olú ọba Róòmù, ní ọdún 63 ṣáájú Kristi, ó kú ní ọdún 14 lẹ́yìn rẹ̀. 63 àti 14 jẹ́ 77. Ẹ yọ ọ̀kan nítorí òdo tí kò sí, ẹ yọ ọ̀kan sí i nítorí pé oṣù kẹjọ ló kú, ọjọ́ ìbí rẹ̀ sì wà nínú oṣù kẹsàn-án. Ẹni ọdún 75 ni. Bí wọ́n bá sì bi yín ìdí tí ìyípadà ìjọba ní Rọ́ṣíà tí wọ́n ń pè ní Ìyípadà Oṣù Kẹwàá fi bọ́ sí ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1917, kàlẹ́ńdà wọn ló fi ọjọ́ 13 wà lẹ́yìn tiwa. Ní 1918 tí wọ́n yí i padà, ọjọ́ 31 oṣù kìíní ni wọ́n sùn, ọjọ́ 14 oṣù kejì ni wọ́n jí.

Fún ìbéèrè ìwọ̀n, ẹ béèrè pé òṣùwọ̀n ta ni. “Ṣé kúkúrú ni Napoleon?” Wọ́n wọn olú ọba Faransé yìí ní bí ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 2. Mo máa ń na teèpù aránṣọ sára ògiri, kí àwọn ọmọ rí ibi tí ínṣì 62 dé: sẹ̀ǹtímítà 157, èjìká mi ló mọ. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ fún wọn pé ínṣì Faransé ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ó sì gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà 2.7 ní ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: bíi 168 ni, kò kúrú sí ọ̀pọ̀ ọkùnrin Faransé nígbà ayé rẹ̀. Àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, pàápàá James Gillray, ni wọ́n ti ń yà á bí ọmọdé.

Ọmọbìnrin yẹn ṣì ń wá. Ní Sátidé tó kọjá, mo bi wọ́n pé ta ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè. Ó fa ìlà sábẹ́ “olórí,” ó ní, “Ìyá Tíṣà, olórí wo ni: ọba, ààrẹ, àbí olórí ìjọba?” Mo ní kó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó kọ Sirimavo Bandaranaike ti Sri Lanka, 1960, sábẹ́ olórí ìjọba. Ó kọ Vigdís Finnbogadóttir ti Iceland, 1980, sábẹ́ ààrẹ, ó sì fi kún un pé “tí àwọn ará ìlú dìbò yàn.” Ibi ọba ló fi sílẹ̀ lófìfo.