Àwọn àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ fọ́tò wa jẹ́ lọ́jọ́ tí a bá gbé e wá sí ìpàdé

Nínú ẹgbẹ́ ayafọ́tò wa n'Ílọrin, a máa ń ya àsìkò kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù kí ọmọ ẹgbẹ́ kan gbé iṣẹ́ àdáṣe rẹ̀ kalẹ̀ fún wa: iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an, tí kò gba kọ́bọ̀ lé lórí. Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó o nínú ìpàdé wa. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn mí wọra bí iṣẹ́ tó dáa bá ṣòfò mọ́ ẹni tó ni ín lọ́wọ́.

Èyí tó burú jù ni kíkó gbogbo fọ́tò wá. Èmi náà jẹ̀bi rẹ̀. Odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada, ní Òkèlélé n'Ílọrin níbí. Mo yà wọ́n níbi tí wọ́n ti ń gún amọ̀, níbi tí wọ́n ti dojú ìkòkò àtijọ́ délẹ̀ tí wọ́n ń na amọ̀ tútù lé e nídìí, níbi tí wọ́n ti to igi àti koríko bo ìkòkò ní gbangba kí wọ́n tó ṣáná sí i, àti níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá yọ ọ́ nínú iná, tí wọ́n ń wọ́n omi èèpo irúgbá sí i lára bó ṣe gbóná tó yẹn. Fọ́tò 74 ni mo gbé wá. A ò tíì dé ogún tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ fóònù wọn wò.

Ẹyọ kan péré ló mú gbogbo ilé dákẹ́: ọwọ́ ìyá kan, amọ̀ ti gbẹ sínú ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka kan dán etí ìkòkò. Ìkọkànlélọ́gọ́ta ni mo tò ó sí. Díẹ̀ ló kù kí n yọ ọ́ dànù, torí kò le láti yà. Àwọn tí iná fẹ́rẹ̀ẹ́ jó mi kí n tó rí wọn yà ni mo kà kún. Ẹni tó ń wo fọ́tò kò sì mọ ìyà tó jẹ wá. Ohun tó wà níbẹ̀ nìkan ló ń rí. Mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Ẹ fọ wọ́n ní kékeré, ẹ tẹ́ wọn sórí ẹní, ẹ pe ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kámẹ́rà kó wá wò ó. Tí méjì bá ń sọ ohun kan náà, ẹ mú ọ̀kan kúrò.

Ẹ má sì pe òde ọjọ́ kan ní iṣẹ́ àdáṣe. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣe Durbar, ọdún ẹlẹ́ṣin, tán, ó kéré tán èèyàn mẹ́ta á gbé ẹṣin kan náà wá, ẹsẹ̀ méjì lókè, eruku lẹ́yìn. Ó wuyì lóòótọ́. Àmọ́ ta ló rán aṣọ tó wà lára ẹṣin yẹn? Ta ló ń bọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ tí kò sí èrò? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. J. D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ó sì ń yà á lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi tó bí ẹgbẹ̀rún fọ́tò. Dúdú àti funfun ni, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ẹ̀yìn orí lẹ ó rí. Nítorí pé kò yí ọwọ́ padà ni ojú wa ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láàárín irun kan àti èkejì.

Ẹ má ṣe tọrọ àforíjì kí fọ́tò tó hàn. "Ẹ má bínú o, oòrùn ti mú jù lọ́jọ́ náà." Ta ló bi yín? Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ti WhatsApp ńkọ́? Ó máa ń fún fọ́tò pọ̀, kì í jẹ́ kó mọ́ bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa bá wa fọ̀ ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Fọ́tò ínǹṣì 8 × 10 fẹ́ tó píkísẹ́ẹ̀lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) 2400 × 3000 kó tó lè mọ́ kedere.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò náà ńkọ́? Ọmọ ẹgbẹ́ kan lọ sí Èsìẹ́, níbi tí ère òkúta ti lé ní ẹgbẹ̀rún, ní mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣí ní 1945. "Ère" nìkan ló kọ sábẹ́ gbogbo wọn. Èwo nínú ẹgbẹ̀rún?

Èyí tó kù ni mo ṣì ń rò. Lẹ́yìn ìpàdé tí mo sọ yẹn, ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó padà sí Dada pẹ̀lú fọ́tò 12 tí mo fọ̀. Ìyá tó ni ọwọ́ náà gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó pe ọmọ rẹ̀ wá wò ó. Ó ní, "Ọmọ mi, kí lo kọ sábẹ́ rẹ̀?" Mo ní ìkòkò omi ni mo kọ, Ìyá. Ó mi orí. Ìkòkò àgbo ni, ó ní, èèyàn kan láti Ọ̀ffà ló wá bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, kò tiẹ̀ tíì dán etí rẹ̀ tán nígbà tí mo yà á.

Níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ni mo ti pè é ní ìkòkò omi. Nígbà tí a tún pàdé, mo dìde kí a tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, mo sì sọ fún wọn pé ìkòkò àgbo ni.