Bí mo ṣe kó àwọn ọmọ lọ sí Fẹ́nísì láti Padova, tí a lọ tí a sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà

Kò sí mọ́tò ní Fẹ́nísì, ìlú orí omi ní Ítálì, kò sí ọ̀kadà, kò sí kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ ni, àbí ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú omi sì wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ ṣírò owó ọkọ̀ kí n tó ronú kan ibi tí a ó lọ. Vaporetto, ìyẹn ọkọ̀ èrò wọn, ń gba yúrò 9.50 lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìṣẹ́jú 75 ni tíkẹ́ẹ̀tì yẹn fi ń ṣiṣẹ́, kò sì kan àbọ̀. Ti wákàtí 24 jẹ́ yúrò 25. Ẹni tí yóò wọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré, yúrò 19 ni yóò ná. Tó bá ti di ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ti di 28.50, ó sàn kó ra ti ọjọ́ kan. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kì í san nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣètò fún tiwa, nítorí náà ti ọjọ́ kan ni mo rà.

Ọkọ̀ ojú irin tó ń yára, tí wọ́n ń pè ní Regionale Veloce, ń gbà tó ìdajì wákàtí láti Padova, ìlú tí à ń gbé. Èyí tó ń dúró káàkiri lè gbà tó ìṣẹ́jú 50. Tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ìdíkọ̀ kí ẹ tó wọlé. Bí òǹtẹ̀ kò bá sí lára rẹ̀, owó ìtanràn ni, ẹ̀bẹ̀ kò sì ràn án. Ẹ ṣọ́ra fún Venezia Mestre: orí ilẹ̀ gbígbẹ nìyẹn wà, kì í ṣe ìlú tí ẹ ń wá. Venezia Santa Lucia ni òpin ìrìn, lẹ́yìn afárá tó gùn tó kìlómítà mẹ́rin lórí ọ̀sà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó síbi fèrèsé.

Láti ọdún 2024, àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹni tí kò ní sùn nílùú gbọ́dọ̀ san owó ìwọlé bó bá dé láàárín aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní ọdún 2025, yúrò 5 ni fún ẹni tó tètè san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yúrò 10 fún ẹni tó fi falẹ̀. Wọ́n yọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kúrò, wọ́n sì yọ àwọn olùgbé agbègbè Veneto. Padova wà nínú Veneto, nítorí náà káàdì ìdánimọ̀ nìkan la mú dání. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Milan tàbí Florence ní láti sanwó, kó sì ní àmì QR nínú fóònù.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ kékeré ni mo fi sílé. Afárá tó wà nílùú náà lé ní irínwó, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá ń gbé kẹ̀kẹ́ sókè, tó ń sọ ọ́ kalẹ̀, kò ní tíì dé ọ̀sán tí ọwọ́ á ti máa ro ó. Ọmọ kékeré, ẹ fi ọ̀já pọ̀n ọ́n.

Bí ẹ bá jáde ní ìdíkọ̀, tí ẹ kọjú sí omi, ọwọ́ òsì ni kí ẹ yà. Lista di Spagna nìyẹn. Ẹ gba orí afárá Guglie kọjá bọ́ sí Strada Nova, ọ̀nà tó fẹ̀ jù tí afárá rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Fóònù máa ń ṣìnà nínú àwọn ọ̀nà tóóró yẹn. Pátákó aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n kọ “Per Rialto” (ọ̀nà afárá àti ọjà Rialto) àti “Per San Marco” (ọ̀nà gbàgede ńlá San Marco) sí ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Nọ́ńbà ilé náà kò lè ràn yín lọ́wọ́, torí pé gbogbo àdúgbò ni wọ́n ń kà pọ̀, kì í ṣe òpópónà kọ̀ọ̀kan.

Kí Strada Nova tó tán, ọ̀nà kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún tó lọ sétí omi ní Santa Sofia. Ibẹ̀ ni gondola tó ń kó èrò ré kọjá sí ọjà ẹja Rialto ti ń gbéra. Yúrò 2 péré ni, ìrìn náà kò sì ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Gondola tí wọ́n fi ń ṣe fáàrí jẹ́ yúrò 90 fún ìdajì wákàtí lọ́sàn-án, fún odidi ọkọ̀, kì í ṣe fún ẹnì kan. Ó ń gba èèyàn márùn-ún. Lójú tèmi, ti yúrò 2 yẹn tó àwọn ọmọ. Ọjà ẹja kì í ná lọ́jọ́ Àìkú àti lọ́jọ́ Ajé, bó bá sì ti di ọ̀sán wọ́n á ti máa palẹ̀ mọ́.

San Marco kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí afárá Rialto. Tíkẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì Basilica náà, mo ti rà á ṣáájú fún wákàtí pàtó, torí ìlà ibẹ̀ máa ń gùn. Èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ wà ní bíbò, wọn kì í sì í gba báàgì ńlá wọlé. Lára ilé ìṣọ́ aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ère ọkùnrin méjì tí wọ́n fi idẹ ṣe, tí idẹ wọn ti dúdú, ló ń fi òòlù lu agogo. Àgbàlagbà inú wọn ń lù ú kí wákàtí tó pé gan-an, ọ̀dọ́ ń lù ú lẹ́yìn tó bá pé. Ẹ dúró níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó pàdánù ti àgbàlagbà. Ilé agogo gíga iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Ògbólógbòó rẹ̀ wó lulẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù keje ọdún 1902. Èyí tí ẹ ń wò yìí parí ní 1912.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ fún ẹyẹlé lóúnjẹ, ẹ má sì tẹ́ oúnjẹ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn gbàgede náà. Ìtanràn wà fún méjèèjì. Àwọn ilé kọfí tó wà níbẹ̀ ń gba owó orin mọ́ owó kọfí. Àdúgbò ẹ̀yìn la ti jẹun: búrẹ́dì tramezzino, ní ìdúró lẹ́nu káńtà, torí ẹni tó bá jókòó ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìyàgbẹ́ ìjọba jẹ́ yúrò 1.50 lórí ẹnì kan, kọfí kan ò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ra kọfí, kí ẹ lo tilé kọfí. Ẹ̀rọ omi wà káàkiri ìta, omi rẹ̀ ṣeé mu, ẹ mú ìgò dání.

Lẹ́yìn oúnjẹ, a fẹsẹ̀ rìn lọ sí Fondamente Nove, a wọ vaporetto nọ́ńbà 4.1 lọ sí Murano, erékùṣù àwọn onígíláàsì. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwọn kan wà ní San Marco tó ń pe èèyàn sí ọkọ̀ ọ̀fẹ́ lọ sí Murano. Ilé ìtajà ni wọ́n ń kó yín lọ, títà ló sì wà lọ́kàn wọn. Ọdún 1291 ni wọ́n kó àwọn onígíláàsì kúrò láàárín ìlú lọ sí erékùṣù yìí, nítorí ìbẹ̀rù iná. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lójú èèyàn. Òṣìṣẹ́ náà á fa gíláàsì yíyọ́, tó pọ́n bí ẹyin iná, jáde lórí irin gígùn, á fi ẹ̀mú fa ẹsẹ̀ mẹ́rin jáde, á rọ́ ọrùn, á tẹ gọ̀gọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ẹṣin ti dé. Ọ̀pọ̀ wọn ń dáwọ́ dúró kílẹ̀ tó ṣú, ẹ má pẹ́ dé ibẹ̀.

Museo del Vetro, ilé àkójọ ohun gíláàsì tó wà ní Murano, ni kí Yorùbá má fò. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ọ̀pọ̀ ọdún kó wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń sín adé ọba wa. Ọ̀pá gíláàsì oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fà, wọn á gé e wẹ́wẹ́, wọn á tún yí i lórí iná kí ẹnu rẹ̀ má baà gé ọwọ́. Bí ẹ bá máa rà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ wá àmì “Vetro Artistico Murano”. Èyí tí ò ní in lè jẹ́ ti ilẹ̀ mìíràn.

Ní àbọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí San Zaccaria, kí ẹ wọ Línì 1 níbẹ̀. Ẹ yẹ pátákó ibùdókọ̀ wò dáadáa: ọkọ̀ tí wọ́n kọ Lido sí ń lọ sí òdìkejì, Piazzale Roma ni tiyín. Ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì kan ẹ̀rọ nígbà gbogbo tí ẹ bá fẹ́ wọlé, kódà bó jẹ́ ti ọjọ́ kan. Ẹ bọ́ báàgì ẹ̀yìn sílẹ̀, kó má gbá ojú ẹlòmíì. Ọkọ̀ náà ń dúró ní ibùdókọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó ń gbà tó ìṣẹ́jú 45, àwọn ààfin etí omi á sì máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ferrovia ni kí ẹ ti sọ̀, iwájú ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin gan-an.