Bí A Ṣe Ń Wo Fíìmù Tí Kì Í Kánjú

Ẹni tí eré àgbéléwò aláriwo ti mọ́ lára yóò kọ́kọ́ rò pé nǹkan kan kù nígbà tí ó bá jókòó ti fíìmù tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kì í sọ tinú wọn. Kò yẹ kí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí àwa tí a ń gbé láàrin Kàbbà àti Ìsánlú. “Okun” tí wọ́n fi sọ wá lórúkọ ni a fi ń kí ara wa, ẹni tí ó bá sì tẹ́tí sí bí ohùn ṣe lọ sílẹ̀ yóò mọ̀ pé ara olóhùn kò yá, bí kò tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Etí yẹn gan-an ni kí ẹ gbé wá sídìí fíìmù.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, nítorí ìró ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ ojú irin tí ń lọ lókèèrè wà lára ọ̀rọ̀ tí olùdarí ń bá yín sọ. Ẹ ṣáájì kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án, kí ẹ wò ó nígbà tí àdúgbò bá ti dákẹ́, kí fóònù sì wà ní yàrá mìíràn.

Ẹ fi Tokyo Story, tí Yasujirō Ozu ṣe ní Jàpáánì ní ọdún 1953, bẹ̀rẹ̀. Tọkọtaya àgbàlagbà kan wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Tokyo. Ọwọ́ àwọn ọmọ dí, opó ọmọ wọn tí ogun gbé lọ ni ó sì tọrọ ààyè lẹ́nu iṣẹ́ láti mú wọn wo ìlú. Òbí tí ó wà nílé níbí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó àti Àbújá, ti mọ ìtàn náà kí ó tó wò ó. Nítorí náà, ẹ má ṣe máa béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀; ọwọ́ wọn ni kí ẹ máa wò. Nígbà tí wọ́n ń di ẹrù, wọ́n ń wá ìrọ̀rí afẹ́fẹ́: bàbá ní òun ti gbé e fún ìyá, ìyá ní kò sí lọ́dọ̀ òun, bàbá sì padà rí i lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kò di ìjà. Ẹni tí ó bá sáré kọjá ibẹ̀ ti fo ọ̀pọ̀ ọdún ìgbéyàwó wọn.

Ozu a máa gbé kámẹ́rà sílẹ̀ bí ojú ẹni tí ó jókòó lórí ẹní. Mo ti jókòó lórí ẹní wò ó rí; ẹ̀yìn dùn mí, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé èmi náà wà nínú yàrá wọn. Bí oorun bá gbé yín, ẹ sùn, kí ẹ parí rẹ̀ lọ́la.

Ẹ ṣọ́ ohun tí ó bá padà wá. Obìnrin aládùúgbò kan gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá níbẹ̀rẹ̀, ó bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Ní ìparí, ó tún gba ibẹ̀ kọjá, bàbá nìkan ni ó bá. Bí ó bá parí, ẹ má tíì jiyàn nípa rẹ̀. Ẹ padà wo ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, títí dé ibi fèrèsé yẹn.