Ọmọ ajá tí kò yé tọ̀ sínú ilé: ìbéèrè ìyá kan ní Ìgbógbo àti ìdáhùn

Ìyá ìbejì kan tó ń gbé ní Ìgbógbo, ní Ìkòròdú, ló fi àwọn ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi láàárín nǹkan bí oṣù kan, nítorí ó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin ajá ní agbègbè wa. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó tò wọ́n síbí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Bàbá Ìbejì ra ọmọ ajá kan wálé. Ó ti tó nǹkan bí oṣù 2 àbọ̀ báyìí. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ la máa ń mú un lọ sẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n yóò kàn dúró ni, bó bá sì ti wọlé padà, orí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ló ń tọ̀ sí. Bàbá wọn a tẹ imú rẹ̀ mọ́ ìtọ̀ náà, wọn a sì nà án ní pàṣán. Ní báyìí, ẹ̀yìn àga ló ń sá lọ tọ̀ sí. Àbí ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ilé, Ìyá Ìbejì. Òwe yẹn kò tíì kan ọmọ ajá yín, nítorí kò tíì sẹ́ni tó fọn fèrè kankan sí i létí. Ohun kan ṣoṣo tó yé e ni pé bí òun bá tọ̀ níṣojú ènìyàn, pàṣán ń bọ̀, ẹ̀kọ́ tó sì rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí òun má tọ̀ níṣojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń lọ sẹ́yìn àga. Ìdí kan náà ló fi ń dúró lásán ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rù yín sì ń bà á.

Àpò ìtọ̀ ọmọ ajá kéré, iṣan tó ń dì í mú kò sì tíì gbó. Èyí tó wà láàárín oṣù 2 sí 3 kì í sábà lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju wákàtí 2 sí 3 lọ lójú ọ̀sán, bó bá sì ń ṣeré lọ́wọ́, kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ kò lè tó o rárá. Ẹ mú un jáde gbàrà tó bá jí, ìbáà jẹ́ oorun òru tàbí ti ọ̀sán; ẹ mú un jáde láìpẹ́ lẹ́yìn tó bá jẹun, lẹ́yìn tí òun àti àwọn ìbejì bá sáré kiri tán, àti kí ẹ tó lọ sùn. Bí ẹ bá rí i tó ń fimú gbóòórùn ilẹ̀, tó ń yí po lójú kan, ẹ má dúró wá bàtà.

Ojú kan náà ni kí ẹ máa mú un lọ, kí òórùn àná lè rán an létí, kí ẹ sì dúró jẹ́ẹ́ láìbá a ṣeré. Bó bá ti tọ̀ tán, lójú ẹsẹ̀, ẹ yìn ín, kí ẹ fi ẹran sísè tàbí ẹja gbígbẹ tí kò níyọ̀, tí kò ju èékánná lọ, sí i lẹ́nu. Ibí ni èmi fúnra mi ti ṣìṣe lórí ajá mi àkọ́kọ́: inú ilé ni mo máa ń dé kí n tó fún un lẹ́ran, nítorí náà, wíwọlé ni mo ń sanwó fún, kì í ṣe títọ̀, ó sì di ajá tó ń sáré wọlé láìtọ̀.

Ti kápẹ́ẹ̀tì yẹn, imú ajá ju tiwa lọ jìnnà. Ibi tó mọ́ lójú yín, ilé ìtọ̀ ni lójú tirẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ fa omi rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi fínígà tí ẹ bu omi sí nù ún. Ẹ yẹra fún ohun ìnulẹ̀ tó ní ammonia, nítorí òórùn rẹ̀ jọ ti ìtọ̀. Bí èmi bá ni, màá ká kápẹ́ẹ̀tì náà pátápátá fún oṣù mélòó kan.

Ó ku Bàbá Ìbejì. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ibi tó ti ń tọ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n gbé e jáde. Bó bá jẹ́ pé ìtọ̀ ni wọ́n kàn bá nílẹ̀, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n sì dákẹ́. Ajá kò lè so pàṣán ìsinsìnyí mọ́ ohun tó ṣe ní wákàtí kan sẹ́yìn. Orí tó ń tẹ̀ wálẹ̀, tí a máa ń pè ní ìjẹ́bi, ìbẹ̀rù lásán ni.

Ìbéèrè: Ó ti ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n òjò kò jẹ́ ká gbádùn, kò sì fẹ́ fẹsẹ̀ kan koríko tútù. Aládùúgbò wa ní kí n máa mú un lọ sí títì tó ní kọnkéré, níbi tí àwọn ajá àdúgbò ń lọ.

Ìdáhùn: Ẹ má gbà fún un. Kòkòrò àrùn parvo, tó ń mú kí ọmọ ajá máa bì, kó sì máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, lè wà nínú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ ajá olóòkùnrùn bá kàn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àtìgbà tí ọmọ ajá bá ti tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni dókítà ẹranko ti ń gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, tí yóò sì máa tún un gún títí yóò fi pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Kí ìyẹn tó parí, inú ọgbà yín ni kó mọ. Ẹ bu yanrìn sínú bàáfù pẹlẹbẹ, ẹ gbé e sí fàráńdà, kí ẹ sì fi àkísà tí ẹ fi nu ìtọ̀ rẹ̀ sórí yanrìn náà. Bí òjò bá dáwọ́ dúró, ẹ máa sún bàáfù náà sí ẹ̀yìnkùlé díẹ̀díẹ̀.

Ìbéèrè: Ó ń gé àwọn ìbejì jẹ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọdún 6 ni wọ́n, wọ́n sì ń pariwo.

Ìdáhùn: Ariwo àti sísáré wọn ló ń dùn mọ́ ọn. Kí wọ́n dúró bí igi, kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí eré sì parí níbẹ̀. Kí ẹ wá fún un ní àkísà tí ẹ ta ní kókó kó máa jẹ lẹ́nu. Láti nǹkan bí oṣù 4 ni eyín ọmọdé rẹ̀ yóò máa ré, yóò sì ti pààrọ̀ wọn tán ní nǹkan bí oṣù 6 sí 7. Ṣùgbọ́n bí eyín bá dá awọ ara lu, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí àrùn dìgbòlugi kò ṣeé wò mọ́ bó bá ti hàn lára ènìyàn. Bí ajá náà bá ti pé oṣù 3, ẹ jẹ́ kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi tọ̀ sílé. Láti ìjẹta, ó tún ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń kán, bíi ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́, ó sì ń ké bó bá ń tọ̀. Bàbá Ìbejì ti tún ń wo ibi tí pàṣán wà.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ajá tó mọ ibi títọ̀, tó wá ń kán díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìrora lójijì, àìsàn ló sábà máa ń jẹ́, pàápàá àkóràn àpò ìtọ̀, ìyẹn sì nílò oògùn, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ẹ má ṣe fi omi dù ú. Lọ́la, bó bá ti jí, ẹ ti àwo mímọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń tọ̀, ẹ da á sínú ìgò kékeré tí ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀, kí ẹ sì mú un dání lọ fún dókítà ẹranko kí wákàtí kan tó kọjá.