Má ya ibi tí mọ́tò kankan ò dé: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú àwòrán regression

Regression ni ká fi àwọn iye tá a mọ̀ ṣe àsọtẹ́lẹ̀ iye mìíràn. Tá a bá wá ya àsọtẹ́lẹ̀ yẹn sí àwòrán, ó rọrùn láti ya ibi tí dátà ò dé. Ká mú mtcars, dátà tó máa ń bá R (èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò dátà) wá, tí wọ́n kó jọ láti inú ìwé ìròyìn Motor Trend ti ọdún 1974. Mọ́tò 32 ló wà níbẹ̀. A fẹ́ fi bí mọ́tò ṣe wúwo tó (wt, ní ẹgbẹ̀rún páùn, lb) àti agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ (hp) sọ iye máìlì tí gálọ̀nù epo kan máa gbé e dé (mpg):

lm(mpg ~ wt * hp, data = mtcars)

lm() ló ń kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì náà; àmì * ló ń jẹ́ kí ipa wt máa yàtọ̀ bí hp bá ṣe ń yàtọ̀. Má kọ ọ́ ní mtcars$mpg ~ mtcars$wt * mtcars$hp o. Bó o bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, predict(), tó ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀, ò ní ka newdata rẹ (àwọn iye tuntun tó o fún un) sí rárá. Àsọtẹ́lẹ̀ mọ́tò 32 inú dátà náà ló máa dá padà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ máa ń gbójú fò torí pé kò dá iṣẹ́ dúró.

Bó o bá sì fẹ́ to iye tí wàá ṣe àsọtẹ́lẹ̀ lé lórí, data.frame() kọ́ ni wàá lò. Wt 50 àti hp 50 nínú data.frame() á kàn tò ní méjì-méjì, èyí tó kéré jù pẹ̀lú èyí tó kéré jù, títí dé òkè: ìlà kan ṣoṣo tó dábùú àwòrán. expand.grid() ló ń jẹ́ kí gbogbo wt pàdé gbogbo hp, 50 lọ́nà 50, ó di 2500.

Inú 2500 yẹn ni wàhálà gidi wà. Mọ́tò mẹ́ta péré ló wúwo ju 5,000 lb lọ: Cadillac Fleetwood, Lincoln Continental àti Chrysler Imperial. Kò sí èyí tí hp rẹ̀ dín ní 205 nínú wọn. Síbẹ̀ wt 5.424 pẹ̀lú hp 52 wà nínú àtẹ rẹ, mọ́dẹ́ẹ̀lì á sì fọwọ́ sọ̀yà pé máìlì 6.9 ni.

Apá òkè, níbi tí hp ti ga, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ẹgbẹ̀rún lb kan ń ṣe sí mpg ni −8.217 + 0.02785 × hp. Ní hp 100, ó ń gé máìlì 5.4 kúrò, ní hp 200, 2.6. Tí hp bá ti kọjá 295, àmì á yí padà: àwòrán rẹ á máa sọ pé bí mọ́tò bá ṣe wúwo tó ni kì í jẹ epo tó! Mọ́tò kan ṣoṣo ló kọjá ibẹ̀, Maserati Bora, hp 335.

Nítorí náà, fi àmì mọ́tò 32 náà lé orí àwòrán. Lẹ́yìn náà lo exclude.too.far() inú mgcv (àkójọ irinṣẹ́ kan fún R), dist = 0.1, tó ń wá ibi tó jìnnà jù sí mọ́tò gidi, kó o fi NA (òfo) sí gbogbo ibi tó bá dá TRUE padà.

Àwòrán 3D ńkọ́? Ó rẹwà, àmọ́ iwájú rẹ̀ ń bo ẹ̀yìn, kò sì sẹ́ni tó lè ka nọ́ńbà lára rẹ̀. Ìlà mẹ́ta tó ń fi mpg hàn bí wt ṣe ń pọ̀ sí i, ní hp 96.5, 123 àti 180, sàn jù ú lọ. Ibi tí hp mọ́tò 32 náà ti pín sí ìdá mẹ́rin ọgbọọgba la ti mú wọn.

Bí am (irú jíà: 0 ni ọ̀tọ́mátíìkì, 1 ni mánúà) bá wà nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì, má fi 0.41 tó jẹ́ ìpíndọ́gba rẹ̀ sí i. Mọ́tò wo ló ní ìlàjì jíà? Mú 0 tàbí 1, kó o sì kọ èyí tó o mú sábẹ́ àwòrán.