Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Àtẹ Iná Mọ̀nàmọ́ná Erékùṣù Kékeré

Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa fún wọn: ẹ mú erékùṣù kékeré kan, kí ẹ sọ fún mi bóyá epo àti èédú ilẹ̀ tí wọ́n fi ń pèsè iná níbẹ̀ ń pọ̀ sí i ni tàbí ó ń dín kù. Mauritius, erékùṣù kan nínú Òkun Íńdíà, ní apá ìlà-oòrùn Áfíríkà, ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀, òkun ló yí wọn ká, kò sì sí aládùúgbò tí wọ́n lè fa wáyà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti ra iná. Àtẹ iná rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì ayélujára tó ń jẹ́ Our World in Data, ìjọba wọn náà sì ń gbé tirẹ̀ jáde lọ́dọọdún.

Kí ẹ tó wo ìlà kankan, ẹ wo ohun tí wọ́n fi wọn iná náà. Yúnìtì kan tí ẹ ń rà sórí mítà yín, kílówáàtì-wákàtí kan ni. GWh (gígáwáàtì-wákàtí) kan nínú àtẹ jẹ́ mílíọ̀nù kan irú yúnìtì bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ MW (mẹ́gáwáàtì) lẹ rí, ìyẹn kì í ṣe iná tí wọ́n ti pèsè. Bí agbára ẹ̀rọ ṣe tó ni. Sólà MW 10 kì í mú nǹkan kan wá lóru, ẹ̀rọ dísù MW 10 sì lè ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru. Ẹ má fi MW wé GWh.

Ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣìnà jù ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń pẹ́. Ká ní ìyá kan ń ta omi tútù ní Sábó. Lọ́dún tó kọjá, yúnìtì 100 ló ń lò lóṣù, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń pèsè 50 nínú rẹ̀. Lọ́dún yìí ó ra fírísà méjì sí i, ó wá ń lo 250. Jẹnẹrétọ̀ ń pèsè 75. Ẹ ṣírò ó. Ìdá ti jẹnẹrétọ̀ ti já láti 50 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ owó epo ìyá yìí ti pọ̀ sí i. Nítorí náà, ìlà méjì ni kí ẹ yà: ọ̀kan fún ìdá, ọ̀kan fún GWh. Ẹni tó bá mú ìlà kan ṣoṣo wá, mo máa dá ìwé rẹ̀ padà.

Ẹ wá béèrè ìdí. Ní Mauritius, ìdá bíi 80 nínú ọgọ́rùn-ún iná wọn ló ń ti ara epo dúdú àti èédú ilẹ̀ wá, ọkọ̀ òkun ló sì ń kó gbogbo rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìrèké. Lásìkò ìkórè, láti nǹkan bí oṣù kẹfà títí di ìparí ọdún, pàǹtí ìrèké tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán ni wọ́n ń dáná sí lábẹ́ ìkòkò omi ńlá tó ń yí ẹ̀rọ iná. Tí ìrèké bá tán, èédú ni wọ́n ń kó sínú ààrò kan náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyí: láàárín 2006 sí 2009, Yúróòpù gé iye tí wọ́n ń ra ṣúgà wọn ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi oko ìrèké sílẹ̀. Pàǹtí dín kù, iná kò sì gbọ́dọ̀ kú. Èédú lè tipa bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ilé iṣẹ́ èédú tuntun. Torí náà, ẹ wá àtẹ ìrèké, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ iná.

Ẹ fi ìka bo ọdún 2020. Wọ́n ti ẹnubodè lóṣù kẹta ọdún náà nítorí Kòrónà, àwọn òtẹ́ẹ̀lì dá páropáro, iná tí wọ́n ń lò sì wálẹ̀. Bí ìlà yín kò bá sọ̀ kalẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ bo ọdún yẹn, ẹ má pè é ní ìtẹ̀síwájú. Lọ́dún 2021, ìjọba wọn kéde pé, tó bá fi máa di 2030, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún iná wọn kò ní ti ara epo àti èédú wá mọ́. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé tirẹ̀, ẹ má yà á mọ́ ìlà ohun tó ti ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ bá parí, ẹ mú Cabo Verde, orílẹ̀-èdè erékùṣù tó wà nínú òkun ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Níbẹ̀, erékùṣù kọ̀ọ̀kan ló ní wáyà iná tirẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fi atẹ́gùn pèsè iná sórí mẹ́rin nínú wọn ní nǹkan bí 2011 sí 2012. Ẹ ka erékùṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí ẹ tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.